Ọkọ̀ Tí A Lè Sọ̀rọ̀ Nínú Rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ a máa bi wá léèrè ìdí tí a fi mú ọkọ̀ eré, tí a sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ìrọ̀rùn. Lójú tiwọn, ẹni tí ó ní Peugeot 205 GTI lọ́wọ́ lóde òní, tí ó wá ń wá ọ̀nà bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe lọ sílẹ̀, dà bí ẹni tí ó ra àkùkọ tán, tí ó tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má kọ. Ìbéèrè náà kò burú. A ó dáhùn rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú gbogbo àlàyé tí ó tọ́ sí i, nítorí a mọ̀ pé irú ọkọ̀ kékeré alágbára bẹ́ẹ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbáà ṣe Peugeot, ìbáà ṣe Renault, ìbáà ṣe Volkswagen, àwọn àgbà ilé yín kì í sì í fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tó sọ àléébù rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1983 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 205 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní GTI dé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1.6 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 105. Nígbà tí ó di 1986, wọ́n fi èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1.9 kún un, agbára ẹṣin 130 nínú ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 900 kílò péré. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún ìdíje, Turbo 16, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti rally ní 1985 àti 1986, ó sì borí nínú Paris-Dakar ní 1987 àti 1988, nínú yanrìn àti erùpẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí. Ẹni tí ó bá ti wa 205 GTI lójú títì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, níbi tí ọ̀nà ti ń yí kọ́rọkọ̀rọ, yóò mọ̀ pé òkìkí rẹ̀ kì í ṣe ti ìpolówó lásán. Ọkọ̀ náà a máa yà bí ẹni pé ó ti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn awakọ̀ kí ọwọ́ awakọ̀ tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa kọ́ ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ́ ọ. Kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń yà, wọ́n ní láti mú ressort rẹ̀ le, kí wọ́n mú amortisseur rẹ̀ le, kí wọ́n sì fi táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú sí i. Ohun kan náà tí ó ń mú un dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni ó ń gbé gbogbo òkúta àti kòtò wá bá ìdí ẹni tí ó jókòó, bí ọ̀nà kò bá tẹ́jú. Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, a óò gba Sakété kọjá, a óò gba Pobè. Ọ̀nà ọ̀dà ni, a kò sì gbọdọ̀ ṣe aláìmoore sí i, ṣùgbọ́n dos d'âne wà níbi gbogbo tí abúlé bá wà, etí ọ̀dà ti jẹ níbòmíràn, bí a bá sì ti yà kúrò lójú títì lọ sí oko tàbí sí ilé mọ̀lẹ́bí, ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú ìgbì wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní tôle ondulée.

Ìyá wa, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ó ti rí. Ọkọ̀ 504 ni ó mọ̀ nígbà ayé òwò rẹ̀. Òun ni ó ń gbé e àti ẹrù rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ó fi ń ná ọjà Kétu àti ọjà Pobè. Ẹni tí ó bá ti wọ 504 rí mọ̀ pé ọkọ̀ náà a máa fi ẹsẹ̀ gígùn rìn: táyà rẹ̀ á wọ inú kòtò lọ, á sì jáde, kí ara ọkọ̀ tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ jókòó sínú 205 wa tí a dé ibi dos d'âne kejì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí tí ẹ rà yìí, ṣé ẹ kò ra ẹsẹ̀ mọ́ ọn ni?" Lẹ́yìn ìrìn-àjò kejì, ó ní òun yóò máa wọ táksí lọ.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn nìkan ni, táksí ìbá ti yanjú rẹ̀. Ohun tí a kò lè fi táksí rà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí àwa sí. Faransé ni a fi kàwé, èdè Gùn ni a fi ń bá ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa sọ̀rọ̀, Yorùbá tí a ń sọ nílé sì ti di àdàlù; ti àwọn ọmọ wa tilẹ̀ tún kù díẹ̀ káàtó ju tiwa lọ. Màmá kì í jókòó kọ́ ènìyàn ní èdè. Bí a bá ní kí ó pìtàn fún wa nílé, á ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ni ìgbà tí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí ó dorí kọ Kétu, tí kò sí ìkòkò lórí iná, tí kò sì sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni yóò rí igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí yóò dárúkọ rẹ̀, tí yóò sì sọ àrùn tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ wò. Nígbà náà ni yóò sọ ti ìyá ìyá ìyá rẹ̀, ẹni tí ogun Dàhòmì kó lọ ní ọmọdé nígbà tí wọ́n fọ́ Kétu ní 1886, tí ó gbé ìgbèkùn ní ìhà Abomey, tí ó sì wà lára àwọn tí ó padà wálé lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì. Orúkọ abúlé tí wọ́n mú ọmọ náà lọ wà nínú ìtàn yìí. Lẹ́ẹ̀mejì ni Màmá ti dárúkọ abúlé náà nínú ọkọ̀ wa, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹ́ńjìnnì gbé e mì.

Èdè wa kì í ṣe èdè tí ariwo lè bò kí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ wo orúkọ ohun tí à ń sọ yìí gan-an: ọkọ̀ ni à ń wọ̀, ọkọ ni ó ń fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń gbé lọ sójú ogun. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní jíà karùn-ún, bí 205 GTI bá ń sá ní nǹkan bí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì onígbá mẹ́rin a máa bú lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, èyí já sí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an, tàbí òkè rẹ̀ díẹ̀, ni ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ wà. Ohùn obìnrin wà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀, níbi tí gbohùngbohùn ìró ẹ́ńjìnnì náà tún ti ń dúró dè é. Lórí ìpìlẹ̀ ohùn yìí ni àmì òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ń gùn. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bá ń hó, ohun tí ó ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Yorùbá ni ohun tí ó mú un jẹ́ Yorùbá. Ẹni tí ń sọ Faransé lè pariwo bá ọkọ̀ jà, kí a sì méfò ohun tí ó wí. Bí Màmá bá pariwo, gbogbo ohùn rẹ̀ á gòkè, igi á di ohun mìíràn, orúkọ ènìyàn á di ti ẹlòmíràn. A gbé tẹlifóònù lé itan rẹ̀ nígbà kan láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìró ọkọ̀ ni a gbà.

A gbé e lọ bá mẹkáníìkì tí ó mọ Peugeot dunjú. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì sọ fún wa pé ọkọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé iṣẹ́. Ẹnì kan ní Yúróòpù ti fi ressort kúkúrú sí iwájú rẹ̀, ó ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ti yọ silencieux rẹ̀ kúrò, ó fi èyí tí ń bú sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré tí ń gba èbúté Kútọnu wọlé ni ó rí bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi wọ́n ṣe fàájì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ wa kò wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àfikún kankan. Ńṣe ni a kọ́kọ́ dá ọkọ̀ padà sí bí a ti bí i.

Ressort iwájú tí ó jẹ́ ti GTI gan-an ni a rí rà ní casse. Ti ẹ̀yìn gba sùúrù. Ẹ̀yìn 205 kò ní ressort bí ti iwájú. Ọ̀pá irin ni ó dùbúlẹ̀ ní ìbú lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Bí apá tí ó di táyà mú bá gòkè, ọ̀pá náà á lọ́, á sì máa tiraka láti tú ara rẹ̀ padà. Òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ ressort. Eyín wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ yóò fà á yọ, yóò yí i ní eyín mélòó kan, yóò sì tì í padà. Kí a tó dá a sí ipò rẹ̀, òòlù àti epo jẹ odindi ọjọ́ kan. Nígbà tí a ti ṣí i sílẹ̀ báyìí ni a rí i pé àwọn abẹ́rẹ́ irin kéékèèké tí apá náà ń yí lórí wọn ti jẹ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní 205, tàbí tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ wo táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí orí wọn bá fì sínú, tí ẹsẹ̀ wọn sì yà síta bí ẹni tí ó yakata dúró, abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn rọ́bà tí ó wà láàárín irin àti irin, tí gbogbo mẹkáníìkì wa ń pè ní silentbloc. A ti ń gbọ́ orúkọ náà láti kékeré láìronú sí i pé ìdákẹ́jẹ́ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé kí irin má bá irin sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, oòrùn, epo àti ooru ti sọ wọ́n di igi. A pààrọ̀ ti apá iwájú, a pààrọ̀ support moteur mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì fi amortisseur tuntun olóró jẹ́jẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tí kì í ṣe ti ìdíje. Silencieux tí ó dà bí ti ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi rọ́pò èyí tí ń bú. Nínú èyí tí a yọ, ihò kan ṣoṣo ni ó lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú èyí tí a fi sí i, yàrá wà, èéfín sì ní láti yà, kí ó padà, kí ó tún yà, títí agbára ariwo rẹ̀ yóò fi tán. Rọ́bà tí ó so ó kọ́ náà ṣe pàtàkì, torí bí irin rẹ̀ bá fara kan abẹ́ ọkọ̀ níbì kan ṣoṣo, gbogbo ilé ọkọ̀ ni yóò máa kọrin.

Nígbà tí a wà á jáde lọ́jọ́ náà, a ti gba ìdajì ohun tí à ń wá, láìtíì ra ohun kan tí wọ́n ń pè ní ohun ìrọ̀rùn. Èrò tiwa nìyí, a sì dúró lórí rẹ̀: púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní líle ọkọ̀ eré jẹ́ ogbó. Owó tí ènìyàn bá ná sórí ohun ọ̀ṣọ́ kí ó tó pààrọ̀ rọ́bà tí ó ti kú, omi ni ó dà sínú ajere.

Ìdajì tí ó kù ni a fi ọwọ́ ara wa ṣe, ní àgbàlá ilé, òun ni ó sì dùn mọ́ wa jù. Ara ọkọ̀ jẹ́ ìlù. Páànù tí ó fẹ̀, tí ó fẹ́lẹ́, tí a di etí rẹ̀ mú yíká, kò yàtọ̀ sí awọ tí a kàn mọ́ ojú ìlù. Bí ohunkóhun bá gbá a, yóò dún, yóò sì máa dún lọ. Gbogbo wa ni a ti rí onílù tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé awọ kí ìró má baà gùn. Kì í bo ojú ìlù tán. Ọwọ́ kan ti tó. A yọ àga, a yọ kápẹ́ẹ̀tì, a yọ ohun tí ó bo inú ilẹ̀kùn, a sì ń fi ìka kan páànù láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tí ń wá onílé. Níbi tí ó bá dún gbọnrangandan, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó sì lẹ abala ọ̀dà rírọ̀ kan mọ́ ọn, irú èyí tí ó ní álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Níbi tí ó bá dún kì, a ó fi í sílẹ̀. Àwọn tí ń ta abala wọ̀nyí a máa fẹ́ kí ènìyàn fi wọ́n bo ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Tiwọn ni wọ́n ń sọ. Bí a bá bo nǹkan bí ìdá mẹ́ta páànù kọ̀ọ̀kan, ní àárín rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbọ̀n jù, ìlù náà ti dákẹ́.

Ọ̀dà yìí kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ó ń dá páànù dúró kí ó má gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìró tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kò bẹ̀rù rẹ̀. Fún irú ìyẹn, ìwúwo ni a nílò, àti dídí. A tẹ́ feutre sí ilẹ̀ ọkọ̀ àti sí ara ògiri irin tí ó yà wá kúrò lára ẹ́ńjìnnì, a sì fi rọ́bà wíwúwo lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni a wá ihò. Ìró dà bí omi: bí ó ti wù kí ògiri nípọn tó, yóò wá ibi tí ó sán. Ní alẹ́, a tan iná sínú ọkọ̀, a ti gbogbo ilẹ̀kùn, a sì ń yí i ká nínú òkùnkùn láti wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. A fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, a tì í, a sì fà á. Níbi tí bébà bá ti yọ láìjà, joint ibẹ̀ ti kú. Ní ògiri ẹ́ńjìnnì, a bá ihò mẹ́ta tí ẹni tí ó fi rédíò sí ọkọ̀ náà lu láti fi wáyà kọjá, tí kò sì dí. Rọ́bà tí a fi dí wọn kò tó owó àkàrà òwúrọ̀ kan, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe kò kéré sí ti gbogbo feutre wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kí ó má ṣe dí ihò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Bí a bá dí i, ilẹ̀kùn yóò jẹrà láti inú. Kí ó má sì fi fóòmù tí ó lè gbiná sí ìtòsí ibi tí èéfín ń gbà. A wọn gbogbo ohun tí a fi kún ọkọ̀ náà: kílò 18, ìwọ̀n ọmọ ọdún márùn-ún kan.

Ọ̀rọ̀ táyà gba ìṣirò díẹ̀. Èyí tí ó wà lẹ́sẹ̀ GTI 1.9 láti ilé iṣẹ́ ni 185/55 R15. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 185, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 55 nínú 100 ìbú náà, èyí tí í ṣe nǹkan bí mìlímítà 102. Ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni ìrọ̀rí tí ó wà láàárín kòtò àti irin. Irin ẹsẹ̀ ti GTI 1.6 kéré sí i, ìwọ̀n 14 ni. A rí mẹ́rin, a fi ọwọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú bíréèkì láti rí i pé kò kan ibì kankan, a sì fi táyà 185/65 R14 sí i. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di mìlímítà 120. Gíga táyà látòkè délẹ̀ fi nǹkan bí mìlímítà 12 ju ti àtijọ́ lọ, ìdá 2 nínú 100, nítorí náà bí kọ̀ǹtà bá sọ pé 100, ohun tí à ń sá jẹ́ 102; awakọ̀ ní láti mọ̀ ọ́n lọ́kàn. A yí volant dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀, táyà kò sì fara kan nǹkan kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 205 GTI jẹ́ ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ a máa fẹ́ jù síta bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lójijì nígbà tí ó ń yà. Ẹni tí ó bá mú iwájú rọ̀ láìmú ẹ̀yìn rọ̀, tàbí òdìkejì rẹ̀, ti da ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi sùúrù wá rú.

Àga ni ó rọrùn jù, tí ó sì mú inú Màmá dùn jù. Ilẹ̀kùn méjì péré ni GTI ní fún èrò, nítorí náà àgbà kò lè gun ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú ni ipò rẹ̀. Àga iwájú náà sì ní etí gíga lọ́tùn-ún lósì láti di awakọ̀ mú nígbà tí ó bá ń yà. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tí ó ró ìró méjì, tí ó ní láti gbé itan kọjá etí àga bẹ́ẹ̀ kí ó tó jókòó, tí yóò sì tún gbé e kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀. Ní casse kan náà ni a ti rí àga 205 lásán, èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì nípọn. Kò gba wákàtí kan láti fi sí i. Àga awakọ̀ ni a kò pààrọ̀. Ẹni tí ń wà á ṣì nílò etí wọ̀nyẹn.

A kò fọwọ́ kan bíréèkì. A kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fọwọ́ kan ọ̀pá tí ń dènà kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, àbúrò wa ọkùnrin sọ pé a ti tẹ kìnnìún lọ́dàá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbá dànù. Òótọ́ ni pé nǹkan kan lọ. Volant ń dáhùn díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó ti ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Lójú kọ́rọ́ tí ó há, a ń mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó yà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò ṣe àárò rẹ̀. Òun náà bi wá pé, bí ó bá jẹ́ 504 ni a fẹ́, kí ló dé tí a kò wá 504? A dá a lóhùn pé 205 ni ó wà nílé, agbára ẹṣin 130 rẹ̀ kò dín ní ọ̀kan, ó sì ń wúlò fún wa gidigidi nígbà tí a bá fẹ́ kọjá lára kàmíọ́ọ̀nù tí ó kún fún sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Pobè. Ìjà náà kò parí. Ó kàn jẹ́ pé nísinsìnyí a lè jà á nínú ọkọ̀ láìpariwo.

Ní ìrìn-àjò kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ náà, nígbà tí a ti kọjá Sakété, Màmá dárúkọ abúlé yẹn. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó jókòó lẹ́yìn, ni ó ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Ọmọ náà pè é tẹ̀ lé e, Màmá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ìparí kò gbọdọ̀ gòkè, ó tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti wà nínú ìwé báyìí pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Orúkọ igi mọ́kàndínlógún ni ó tẹ̀ lé e nínú ìwé náà, mẹ́rin nínú wọn kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti gbọ́ wọn rí. Gbígba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù náà ti di ohun tí ó ṣeé ṣe, bí a kò bá ti kọjá 80. Ju ìyẹn lọ, afẹ́fẹ́ a tún máa fọhùn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó bi wá pé ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀, a ó ní kí ó di ihò, kí ó wo rọ́bà tí ó so silencieux kọ́, kí ó sì wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí ọ̀pọ̀ táyà tí à ń pè ní líle, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ sọ́dọ̀ silentbloc. Amortisseur àti táyà lè dúró de owó. Ní tiwa, ìfé kan ṣì kù ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọ̀tún, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá ti dé 90. Joint ibẹ̀ ni, kò sì sí ní casse. A ti bẹ mọ̀lẹ́bí kan tí ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé kí ó bá wa mú un wá. Kí ó tó dé, Màmá fi ìdí gèlè rẹ̀ bo etí ọ̀tún.